Okùn Kẹsàn-án

Ìwé tí mo fi ń kọ owó àdúgbò wa ní Mọ̀pà,
ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, òróró ti ta sí i,
ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè ka ohun tí mo kọ lọ́dún náà:
Okùn kànga, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀.
Okùn kànga.
Okùn kànga, oní-náílọ́ọ̀nù.
Okùn kànga: wọ́n ní ti Kàbà kò dára, a rà á ní Ẹ̀gbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó já, a rẹ́rìn-ín.
Korobá wọlé lọ, omi gbé e mì,
Ìyá Ìbítóyè dúró, òṣùká lórí,
orí okùn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìrù ewúrẹ́ tó ti sá lọ.
"Okun o," la kí i, bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa.
Okun o, okùn já.

Ìgbà kẹta, a fẹ̀sùn kan ẹni tó tà á.
Ìgbà kẹrin, ọwọ́ Ìyá Ìbítóyè ni. Ó wúwo jù, wọ́n ní,
ó ń fà á bí ẹni ń sin gbèsè lọ́wọ́ àna.
Obìnrin náà dákẹ́. Láti ọjọ́ náà
odò ló ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, òun àti àtùpà.
Ìgbà kẹfà, a gbààwẹ̀.
Ẹ má rẹ́rìn-ín: ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni,
a da iyọ̀ yí ẹnu kànga ká,
kànga sì ń gé okùn wa jẹ bí ẹni jẹ ìrèké.

Èmi akápò, owó ni mo mọ̀.
Mo dìde ní ìpàdé, mo ní kí a ra èyí tó nípọn,
kí olúkúlùkù san igba náírà.
Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Okùn tó nípọn fi oṣù kan péré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Arókoyọ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́nà Ìsánlú
kò sọ̀rọ̀ ní ìpàdé rí.
Ó wá lọ́jọ́ Sátidé, gírísì ní èékánná,
kò béèrè owó, kò béèrè ta ló fà á kẹ́yìn.
Ó ní, "Àwọn tó já dà?"
Àwọn tó já kẹ̀? Ta ló ń tọ́jú okùn tó já?
A wá a kiri. Ọ̀kan wà lọ́rùn ewúrẹ́ Bàbá Ọlọ́runnípa,
ọ̀kan so ilẹ̀kùn ilé adìẹ,
ọ̀kan là ń sá aṣọ sí.
Ó tẹ́ wọn sílẹ̀ bí ejò mẹ́ta tó sùn,
ó wo ojú ibi tí wọ́n ti já. Wọn kò fọ́n bí okùn tó gbó.
Ó mọ́ lójú, bí ohun tí ọ̀bẹ gé.

Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹnu kànga,
ó ń tọ́ ọ wò bí ẹni ń wá eyín tó ń ro ọmọdé.
"Òun nìyí." Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní ìka rẹ̀.
Irin kan, kò gùn ju ìka ọmọ-ọwọ́ lọ,
ó yọ síta níbi tí ojú kò lè dé.
Ìdí ọ̀rọ̀ tí a wá títí nídìí kànga, nídìí àjẹ́, nídìí ọjà,
ẹnu ló wà.

Mo mọ irin náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ìwé yìí má baà purọ́.
Ọdún tí a da ìdérí kànga, birikílà bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan sí i
kí òun lè gé orí irin, kí òun rẹ́ ẹ.
Mo ní owó ti tán.
Kò tíì tán. Ó ku ẹgbẹ̀rún kan, ó wà lójú ewé kejì.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà:
àìmọye ènìyàn ni mo ti fi òwe yìí bá wí.

Arókoyọ̀ fi fáìlì rẹ́ irin náà,
kò tó àkókò tí iṣu fi ń jinná.
Okùn kẹsàn-án ṣì wà níbẹ̀ dòní.
Mo béèrè iye owó iṣẹ́. Ó ní kí n lọ bẹ Ìyá Ìbítóyè.

Mo bá a lọ́nà odò, ìkòkò lórí, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán.
"Okun o," ni mo wí.
Ó dúró díẹ̀. Omi ta sí i léjìká.
"Okùn wo?" ni obìnrin náà wí, ó sì kọjá lọ.